Ààlà Tí A Kò Yẹ̀: Ìbẹ̀wò Sí Oko Àtijọ́ Kan Ní Erékùṣù Hvar

Bí a bá bi àgbẹ̀ kan ní ilẹ̀ wa pé níbo ni oko bàbá rẹ̀ pin sí, yóò nawọ́ sí ìdí pẹ̀rẹ̀gún. Ṣùgbọ́n bí pẹ̀rẹ̀gún náà bá ti kú ńkọ́? Bí ẹni tí ó gbìn ín bá ti sùn, tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì bá a rìn yí oko náà ká nígbà tí ó wà láàyè ńkọ́? Àwa tí a ń kọ ìwé yìí mọ ìdáhùn rẹ̀, nítorí ó ti dé bá wa. Ọdún 3 gbáko ni àwa àti ẹ̀gbọ́n wa, ọmọ bàbá kan náà, kò fi bá ara wa jẹun, nítorí ilẹ̀ tí ìbú rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 12 lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wúwo lọ́kàn wa ní ọjọ́ tí a fi ojú ara wa rí oko kan tí ààlà rẹ̀ ti wà fún ohun tí ó lé ní 2,400 ọdún, tí ó sì wà síbẹ̀ títí di òní.

Oko náà wà ní erékùṣù Hvar, ní orílẹ̀-èdè Kroáṣíà, nínú òkun Ádríà. Dalmatia ni à ń pe agbègbè náà. Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ kejì sí Tímótì, nígbà tí ó ròyìn pé Títù ti lọ sí ibẹ̀. Ní ìlú Split ni a ti wọ ọkọ̀ ojú omi, lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí 2 a sì gúnlẹ̀ sí Stari Grad, orúkọ tí ìtumọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ Ìlú Àtijọ́. A kọjá láàrin àwọn ilé olókùúta, a fi èbúté sí ẹ̀yìn, a kò sì tíì rìn jìnnà tí pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà fi tẹ́ rẹrẹ níwájú wa láàrin àwọn òkè. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 6, ìbú rẹ̀ sì tó nǹkan bí kìlómítà 2. Ìgbà ìkórè àjàrà ni a dé ibẹ̀. Òórùn èso pípọ́n gba gbogbo ojú ọ̀nà.

Ní ọdún 384 ṣáájú ìbí Kristi ni àwọn Gíríìkì kan ti erékùṣù Paros wá, tí wọ́n tẹ ìlú náà dó, tí wọ́n sì pè é ní Pharos. Wọn kò bá ilẹ̀ náà lófìfo. Diodorus, òpìtàn ayé àtijọ́, kọ̀wé pé kò pẹ́ tí ìjà fi ṣẹ́ láàrin àwọn àjèjì wọ̀nyí àti àwọn onílẹ̀. Àwọn onílẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ará Illyria ní òdì-kejì omi, àwọn tí ó lé ní 10,000 sì fi ọkọ̀ kéékèèké rọ́ dé láti gbèjà wọn. Ṣùgbọ́n gómìnà kan tí í ṣe ti Dionysius, aláṣẹ ìlú Syracuse, kó ọkọ̀ ogun wá ran àwọn Gíríìkì lọ́wọ́. Diodorus ní àwọn tí ó kú lé ní 5,000, wọ́n sì kó nǹkan bí 2,000 ní ìgbèkùn. Kò yẹ kí a fi èyí pamọ́ fún àwọn ọmọ wa. Ààlà tí a ó yìn yìí, ẹ̀jẹ̀ ni a fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọn ilẹ̀. Ìwọ̀n Gíríìkì tí ń jẹ́ stádíọ̀n ni wọ́n lò, èyí tí ó tó nǹkan bí mítà 181. Wọ́n gé pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà sí ìpín ńláńlá tí ó lé ní 70. Ìbú ìpín kọ̀ọ̀kan jẹ́ stádíọ̀n 1, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 5, èyí tí í ṣe nǹkan bí mítà 905. Ọ̀nà tóóró tí ó gún bí okùn ni ó la àárín wọn kọjá. Òkúta tí àwọn àgbẹ̀ ń ṣà kúrò nínú ilẹ̀ kí ọkọ́ lè ríbi wọlé ni wọ́n kó jọ tí wọ́n fi mọ ògiri sí etí oko, láìsí amọ̀, láìsí sìmẹ́ńtì. Ẹ wo ọgbọ́n yìí: ohun tí ó ń dí iṣẹ́ oko lọ́wọ́ ni a sọ di ohun tí ń ṣọ́ oko.

Wọ́n ti rí òkúta ààlà kan níbẹ̀ tí a gbẹ́ orúkọ olóko sí lára ní èdè Gíríìkì: Mathios, ti Pytheas. Nígbà tí a gbọ́ èyí, a dúró fún ìgbà díẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ọba àti balógun tí orúkọ wọn ti parẹ́ kò lóǹkà, ṣùgbọ́n orúkọ àgbẹ̀ kan wà síbẹ̀ nítorí pé ó sàmì sí ibi tí tirẹ̀ pin sí.

Àwọn ahéré olókùúta wà káàkiri, tí wọ́n ń pè ní trim. Òkúta nìkan ni a fi tò wọ́n láti ìsàlẹ̀ dé orí, ibẹ̀ ni àgbẹ̀ sì ń sá sí bí òjò tàbí oòrùn bá mú. Kòtò wà tí a gbẹ́ láti gba omi òjò pamọ́ de ọ̀gbẹlẹ̀. Láti ìgbà àwọn Gíríìkì ni àjàrà àti ólífì ti jẹ́ olórí ohun ọ̀gbìn ibẹ̀. Àjàrà funfun kan wà tí àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn, Bogdanuša ni wọ́n ń pè é. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀, ohun tí Ọlọ́run fi fúnni ni.

Láti ìgbà náà, aláṣẹ ń dé, aláṣẹ ń lọ. Àwọn ará Róòmù ṣẹ́gun Pharos ní ọdún 219 ṣáájú ìbí Kristi. Lẹ́yìn wọn ni àwọn Slav dé. Venice jọba lé erékùṣù náà lórí láti ọdún 1420 títí di 1797. Austria àti Yugoslafia tẹ̀lé e. Ní ọdún 1991 sì ni Kroáṣíà kéde òmìnira. Èdè yí padà, ẹ̀sìn yí padà, owó yí padà. Àwọn ìlà oko kò yí padà. Olúkúlùkù ẹni tí ó gba ilẹ̀ náà bá ògiri níbẹ̀, ó sì rí i pé ó sàn kí òun tún un ṣe ju kí òun wó o lọ.

Ṣùgbọ́n ohun tí ogun kò lè ṣe, àìbìkítà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é. Nígbà tí kòkòrò tí ń jẹ gbòǹgbò àjàrà run ọgbà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé kó lọ sí òkè òkun. Lónìí, etí òkun ni ọ̀pọ̀ àlejò ń wá, àwọn ọ̀dọ́ sì ń rí owó níbẹ̀ ju ní ìdí àjàrà lọ. A rí oko tí igbó ti bò, a sì rí ògiri tí ó ti dà wó. Nítorí náà ni inú wa fi dùn pé ní ọdún 2008 àjọ UNESCO kọ pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà mọ́ àwọn ogún gbogbo ayé, àti pé ní ọdún 2018 ó bu ọlá fún iṣẹ́ òkúta títò láìsí amọ̀, ní Kroáṣíà àti àwọn ilẹ̀ mìíràn.

Síbẹ̀, kì í ṣe ìwé àṣẹ ni ó gbé ògiri ró. Bí a ti ń padà bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, bàbá arúgbó kan ń bọ̀ wá pàdé wa pẹ̀lú agbọ̀n àjàrà. Ó rí òkúta kan tí ó ti ṣubú sí ojú ọ̀nà. Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó gbé òkúta náà, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, títí ó fi jókòó dáadáa sí àyè rẹ̀. Ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó kí wa, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìwàásù tí a gbọ́ ní Hvar nìyẹn.

Nábótì kò gbà láti ta ọgbà àjàrà tí ó jẹ́ ogún àwọn baba rẹ̀ fún ọba. Àwa kò rí ọba tí ó fẹ́ gba tiwa. Ọwọ́ ara wa ni a fi ń bà á jẹ́. Nígbà tí a padà dé ilé, a lọ dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n wa, a sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó mú wa rìn yí oko bàbá wa ká, nítorí òun ni ó bá bàbá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà tí àwa wà ní ilé ìwé. Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí a lọ pe àwọn ọmọ wá. Tiwa àti tirẹ̀ ni ó bá wa rìn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, ọwọ́ àwọn ọmọ náà ni a sì fi gbin pẹ̀rẹ̀gún tuntun.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ ìsìnkú. Ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ sí oko níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ yín ṣì lè rìn. Ẹ fi ibi tí tiyín pin sí hàn wọ́n, kí ẹ sì fi ibi tí ti aládùúgbò ti bẹ̀rẹ̀ hàn wọ́n pẹ̀lú.