Ìdè Ojú Irin Rélùwéè Máídúgúrì

Ọdún 1964 ni ojú irin tí a là láti Kuru, lẹ́bàá Jos, wọ Máídúgúrì, ọ̀nà tí ó tó 640 kìlómítà. Àlàfo mìlímítà 1,067 ni ó wà láàárín irin méjèèjì. Ìdè ni kò jẹ́ kí ó yẹ̀.

Níbi tí orí irin méjì ti pàdé, awo irin méjì ni a fi há wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí a sì fi bóòtù àti nọ́ọ̀tì dè wọ́n. A kì í jẹ́ kí orí wọn kanra pinpin. Bí irin oní-mítà 12 bá gbóná sí i ní ìwọ̀n 30 ti Celsius, yóò gùn sí i ní nǹkan bí mìlímítà 4, Máídúgúrì sì ni ìlú tí ooru oṣù Kẹrin máa ń ju 40 lọ. Irin tí kò ráyè yóò wọ́.

Ìdè kejì so irin mọ́ sílípà. Ìṣó ńlá ni ti sílípà onípákó, ṣùgbọ́n ikán ń jẹ pákó. Lórí onírin àti oníkọnkéré, kílíìpù ni. Èyí tí Per Pande-Rolfsen, ará Norway, gbé jáde ní àwọn ọdún 1950 ń tẹ irin mọ́lẹ̀ bíi sípírìngì, nítorí náà ìgbọ̀nrìrì ọkọ̀ kì í tètè tú u. Òòlù ni a fi ń gbá a wọlé. Òòlù náà ni olè fi ń yọ ọ́. Níbi tí a bá ti yọ púpọ̀ tẹ̀léra, irin méjèèjì a ya ara wọn, ẹsẹ̀ ọkọ̀ a sì já sáàárín, bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ kò lè rí i láti òkèèrè.