Nítorí Ọjọ́ Tí Ẹ̀rọ Bá Dákẹ́ Ni A Ṣe Ń Kọ Àdéhùn

Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ kí á jọ wo ìwé àdéhùn kan tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà, nítorí ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó ń gba iṣẹ́ ṣe.

Ẹ ti gbọ́ nípa ọkọ̀ tí kì í mu epo pẹtiróòlù. Iná mànàmáná ni wọ́n ń cháàjì sí i, bí a ti ń cháàjì fóònù. Ní 2021, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ya bílíọ̀nù 5 dọ́là sọ́tọ̀ fún ọdún 5, kí àwọn ìpínlẹ̀ lè kọ́ ibi ìcháàjì ọkọ̀ sí ẹ̀bá àwọn òpópónà ńlá. Ìjọba lè san tó ìdá 80 nínú 100 owó iṣẹ́ náà. Ta ni kò ní sáré gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n ní February 2023, wọ́n tẹ ìlànà tí agbaṣẹ́ṣe gbọ́dọ̀ tẹ̀lé jáde. Díẹ̀ nìyí nínú rẹ̀.

Èkíní, ó kéré tán, ọkọ̀ mẹ́rin gbọ́dọ̀ lè gba iná lẹ́ẹ̀kan náà, 150 kìlówáàtì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tọ̀sán tòru ni ibẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí.

Èkejì, oníbàárà gbọ́dọ̀ rí iye tí wọ́n ń ta iná kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á, bí ẹni kọ iye gàrí sára kóńgò. Káàdì báńkì lásán tó láti fi sanwó. Wọn kò gbọdọ̀ sọ pé àfi ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn.

Ẹ̀kẹta, ẹnu ìcháàjì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ju ìdá 97 nínú 100 lọ láàárín ọdún. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò ó. Wákàtí 8,760 ló wà nínú ọdún kan. Ìdá 3 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ bíi wákàtí 263, ìyẹn bí ọjọ́ 11. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, agbaṣẹ́ṣe ti yẹ àdéhùn nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọn kò rẹ́ òun náà jẹ. Bí iléeṣẹ́ mànàmáná bá mú iná lọ, bí jàǹdùkú bá ba ẹ̀rọ jẹ́, bí omíyalé bá dé, tàbí bí àrùn bá wà lára ọkọ̀ oníbàárà, wọn kì í ka wákàtí wọ̀nyí sí i lọ́rùn. Gbogbo rẹ̀ ti wà ní kíkọ kí ìjà tó dé.

Ẹ̀kẹrin, ó kéré tán, ọdún 5 ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi tọ́jú ibẹ̀ bí ìlànà ti wí, láti ọjọ́ tí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀.

Ní February 2025, ìjọba tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé dá ètò náà dúró. Wọn kò fọwọ́ sí iṣẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn yóò máa san owó àwọn iṣẹ́ tí ìjọba ti tọwọ́ bọ̀wé lé lórí. Ó di August kí ìlànà tuntun tó jáde. Ẹ ò rí i? Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti wọ ìwé rí nǹkan dì mú. Ẹni tí tirẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ní láti dúró.

Kí ló wá kàn wá ńbẹ̀? Ó kàn wá púpọ̀. Bí ẹnìkan bá fẹ́ gbé ẹ̀rọ ìlọta, fírísà ńlá, jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà wá sọ́dọ̀ yín kí ẹ jọ máa pín èrè, ẹ béèrè ohun mẹ́rin: Ọjọ́ mélòó ni ẹ̀rọ lè fi dákẹ́ lọ́dún? Ta ni yóò san owó àtúnṣe? Èwo ni a kò ní kà sí ẹ̀bi ẹnikẹ́ni? Ọdún mélòó ni àdéhùn yóò gbé? Ohun tí kò bá sí nínú ìwé, ẹ má gbọ́kàn lé e o.

Òógùn ojú wa ni a fi kó owó àjẹṣẹ́kù yìí jọ. Ẹni tí ìwé àdéhùn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò tíì fọwọ́ sí i, kó mú un tọ akọ̀wé ẹgbẹ́ lọ kí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ tó pé. Ẹ má tijú. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.