Ìwé Ìtàn Ìdílé ní Ọjà-Ọ̀dàn: Ohun Tó Sọ àti Ohun Tó Fi Pamọ́

Ìwé ìtàn ìdílé tí wọ́n tẹ̀ láyé àtijọ́ wúlò fún ọmọ ìlú òkèèrè tó ń wá orírun rẹ̀, ṣùgbọ́n títẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kò sọ ọ́ di ẹ̀rí. Ní Ọjà-Ọ̀dàn, lẹ́bàá ààlà Benin, ohun tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń fi hàn jù ni ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ilẹ̀ àti oyè. Ẹni tó bí ẹni gan-an lè jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ogun wà lára ohun tó fà á. Ìjọba Dahomey fojú agbègbè yìí rí màbo; ní 1886 wọ́n kó Kétu, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rú lọ sí Abomey. Ẹni tó sá àsálà di ọmọ ilé tó gbà á; ẹrú tí wọ́n rà náà bímọ síbẹ̀. Èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọmọ ẹrú lójú agbo. Tó bá di ìran kẹta, orúkọ rẹ̀ ti wà lábẹ́ orúkọ ẹni tó tẹ ilé náà dó. Àwọn àgbà kò purọ́ o. Ìrẹ́pọ̀ ilé ni wọ́n ń dáàbò bò.

Ìṣèlú náà dá sí i. Ní 1903, nígbà tí àríyànjiyàn adé wáyé ní Rẹ́mọ, ìjọba amúnisìn pe Ọọ̀ni Ifẹ̀ wá sí Èkó láti sọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí adé. Láti ìgbà náà, fífi ìran ẹni so mọ́ Ifẹ̀ di ohun èrè. A. I. Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ṣàlàyé èyí nínú iṣẹ́ ìwádìí kan tó tẹ̀ jáde ní 1976. Nígbà tí òfin oyè Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn dé ní 1957, tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn ìdílé ọlọ́ba sílẹ̀, ìdí tún wà fún ilé kọ̀ọ̀kan láti to ìran tirẹ̀ dáadáa.

Ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ gba ìṣọ́ra pẹ̀lú. Ó parí rẹ̀ ní 1897, ìwé náà sọnù lọ́wọ́ atẹ̀wé, ó kú ní 1901. Obadiah àbúrò rẹ̀ ló tún un tò, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní 1921. Ọ̀yọ́ ló gba ipò iwájú nínú rẹ̀. Bí ìtàn ilé kan bá bá a mu wẹ́kú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú rẹ̀ ni wọ́n ti kà á: ẹlẹ́rìí kan ni, kì í ṣe méjì.

Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò lé lórí ní 1889 tún pín orúkọ níyà. Àjàyí di Ajayi ní Ọjà-Ọ̀dàn, ó di Adjayi ní Kétu, ọmọ ìyá kan sì lè hàn bí ìdílé méjì. Ọmọ tí àbúrò bàbá tọ́ tún máa ń gba orúkọ ẹni tó tọ́ ọ nílé ìwé.

Oríkì orílẹ̀ àti èèwọ̀ ilé ló yẹ kí ẹni tó ń wá orírun fi wé ìwé, pàápàá èyí tó bá gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyàwó ilé tó ti dàgbà, tí wọn kò du oyè kankan. Ìdákọ́ńkọ́ ni kó ti bi wọ́n léèrè, kì í ṣe níbi ìpàdé ẹbí.