Lister ò mọ̀ pé ẹ ti pa súwìṣì

Lẹ́yìn ilé wa ní Ìkọ̀tún, Lister àtijọ́ kan ló ń fún gbogbo ayálégbé ní iná. Tó bá di aago mọ́kànlá alẹ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jáde lọ pa á. Lọ́jọ́ tí òjò ńlá rọ̀, ó kàn mí. Mo fẹsẹ̀ gbo ẹrọ̀fọ̀ wọ inú èéfín. Nígbà tí mo padà wọlé, mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbé súwìṣì rẹ̀ wá sínú ilé."

Bàbá onílé ní, "Ṣé ìyẹn le ni? Ṣe é bíi ti I-better-pass-my-neighbour."

Ó le o! Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń lo pẹtiróòlù ní plug tó ń ṣáná sí epo. Ẹ pa súwìṣì, plug ò ṣáná mọ́, ó kú. Dísẹ́ẹ̀lì ò ní plug. Piston ló ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí yóò fi gbóná kọjá 500°C. Bí dísẹ́ẹ̀lì bá ti fọ́n sínú rẹ̀, ó gbiná fúnra rẹ̀. Iná mànàmáná wo lẹ fẹ́ gé? Lister CS, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Dursley, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní nǹkan bí ọdún 1930, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i tó fi ń ṣiṣẹ́, kò nílò bátìrì. Epo nìkan lẹ lè gé, níbi irin kékeré tó wà lára pọ́ọ̀ǹpù rẹ̀.

Tí ọ̀nà ò bá jìn, wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ lè fa irin yẹn. Tiwa jìn, ó sì ní kọ̀rọ̀ púpọ̀. La bá lo solenoid: wáyà kọ́pà tí wọ́n wé, irin wà láàárín rẹ̀. Bí iná bá wọ wáyà, ó di mágínẹ́ẹ̀tì, ó fa irin.

Mẹkáníìkì ní ká jẹ́ kí iná máa wọ̀ ọ́ kìkì nígbà tá a bá fẹ́ pa ẹ́ńjìnnì, kí bátìrì má baà tètè kú. Mo gbà. Lóru ọjọ́ kan, atẹ́gùn darí èéfín sí fèrèsé aládùúgbò, ọmọ wọn ń wúkọ́. Mo tẹ bọ́tìnnì. Kò sí nǹkan kan. Eku ti jẹ wáyà! Eré ni mo sá lọ síbẹ̀.

A yí i padà. Ní báyìí, iná ló ń di ọ̀nà epo mú ní ṣíṣí. Bí iná bá ti lọ, súpírìǹgì á tì í. Kí eku jẹ wáyà, kí bátìrì kú, ẹ́ńjìnnì náà á kú. Àwọn ayálégbé á bú mi, mo fara mọ́ ọn. Solenoid oníwáyà méjì la rà: ọ̀kan fi agbára ńlá fà á, èkejì ń fi nǹkan bí ampere kan dì í mú. Jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ṣáàjì bátìrì.

Ohun kan ṣì kù. Ẹ́ńjìnnì tí ring rẹ̀ ti jẹ lè máa jó ọ́ìlì ara rẹ̀. Ẹ gé dísẹ́ẹ̀lì, á ṣì máa sáré, á tún máa yára sí i. Ẹnu tó fi ń fa afẹ́fẹ́ lẹ máa dí: pákó tó nípọn ni, kì í ṣe ọwọ́, kì í sì í ṣe àkísà tó lè fà wọlé. Pákó tiwa wà lára ògiri, níta, létí ilẹ̀kùn ilé jẹnẹrétọ̀.