Ṣé O Mọ̀? Àwọn Tó Lé Májèlé Kúrò Lóko Òwú

Ṣé o mọ̀ pé àgbàdo ló pa ọmọ ọdún 12 kan ní ìhà àríwá Benin ní oṣù kẹjọ ọdún 1999? Àwọn ọmọdékùnrin mẹ́ta lọ ro oko òwú tí wọ́n gbin àgbàdo sí láàárín, wọ́n sì ya àgbàdo díẹ̀ jẹ. Wọ́n ti fọ́n oògùn apakòkòrò sóko náà lọ́jọ́ tó ṣáájú. Kò pẹ́ tí èébì fi bẹ̀rẹ̀. Wọn ò rí ọ̀kan nínú wọn gbà sílẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé endosulfan ni oògùn náà? Oògùn àtijọ́ kò ran kòkòrò tó ń jẹ èso òwú mọ́, ni wọ́n bá gbé èyí fún àwọn àgbẹ̀. Ó máa ń kọlu ọpọlọ, ó sì máa ń fa gìrì. Kò ní ẹ̀rọ̀ kankan.

Èèyàn 37 ni ìjọba sọ pé ó kú ní agbègbè Borgou ní sáà òwú ọdún 1999 sí 2000. Iye tí wọ́n rí kà nìyẹn o. Ẹni tó kú sí abúlé tí kò ní ilé ìwòsàn, ta ló kà á?

OBEPAB gbìyànjú. Ẹgbẹ́ ọmọ Benin tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní iṣẹ́ oko tí kò lo kẹ́míkà ni. Wọ́n wọ abúlé lọ, wọ́n ń bi àwọn ará ilé léèrè: Kí lẹ fọ́n? Kí lẹ jẹ? Inú kí lẹ pọn omi sí? Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn dùn mí dọ́kàn, nítorí kẹ́ẹ̀gì oògùn tó ti tán wà lára ohun tí àwọn kan ń lò nínú ilé. (Kẹ́ẹ̀gì oògùn kì í ṣe ohun èlò ilé láéláé: ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, da omi rẹ̀ sínú ẹ̀rọ ìfọ́noògùn, kí o sì lù ú níhò.) Pesticide Action Network ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá wọn gbé àkọsílẹ̀ náà síta fún gbogbo ayé.

Àwọn orílẹ̀-èdè Sahel tó wà nínú àjọ CILSS kọ endosulfan sílẹ̀. Benin náà fòfin dè é. Ní 2011, Àdéhùn Stockholm kà á mọ́ àwọn kẹ́míkà tó yẹ kó kásẹ̀ nílẹ̀ lágbàáyé.

Ṣé o mọ̀ pé Gamalin 20 tí àwọn àgbẹ̀ kòkó wa mọ̀ dáadáa ti wọ ìwé Àdéhùn Stockholm kan náà ṣáájú endosulfan, ní 2009? Lindane ló wà nínú rẹ̀.

Àgbẹ̀ òwú kò ṣàì ní ohun tó lè lò. OBEPAB àti ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn ń kọ́ wọn láti fọ́n oúnjẹ sóko dípò májèlé, kí àwọn kòkòrò tó ń pa kòkòrò òwú jẹ lè wá jókòó síbẹ̀. Inú mi dùn sí èyí gan-an, pàápàá nítorí àwọn obìnrin: aboyún lè wọ irú oko bẹ́ẹ̀ láìfòyà, kò sì sí pé à ń ra oògùn láwìn.

Ní Nàìjíríà, NAFDAC fòfin de paraquat láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024. Oògùn apakoríko yìí náà kò ní ẹ̀rọ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí èèyàn bá gbé mì lè pa á.

Ṣé o mọ̀ pé abúlé kan lè bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀? Àdéhùn Rotterdam, tí FAO àti àjọ àyíká UNEP jọ ń bójú tó, fàyè gba orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà láti kọ̀wé nípa oògùn oko tó ń pa àwọn èèyàn rẹ̀ lára. Fọ́ọ̀mù wà fún un. Ó ń béèrè orúkọ oògùn náà, bí wọ́n ṣe lò ó, àti ohun tó ṣe ẹni náà lára. Òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ló sábà mọ ti àkọ́kọ́, nọ́ọ̀sì ló mọ ti ìkẹyìn. Àfi kí àwọn méjèèjì jọ jókòó kọ ọ́.