Àlejò Ni Wọ́n, Wọn Kì Í Ṣe Alágbe

  

Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí a bá ń palẹ̀ ọjà mọ́, gbogbo wa la mọ àwọn tó máa ń yọ jáde láti ẹ̀yìn ìsọ̀. Ẹnì kan á tẹ́ páálí sílẹ̀, ẹlòmíì á gbé orí lé àpò tó ti ṣófo. Àwọn kan nínú wa a máa bu ọbẹ̀ ìsàlẹ̀ ìkòkò fún wọn. Àwọn kan a sì máa da omi sílẹ̀ níwájú ìsọ̀ kí wọ́n má baà rí ibi sùn. A kò fi èyí bú ẹnikẹ́ni o. Ọjà le, olè sì wà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn ló mú wa wá ìtàn obìnrin kan wá fún yín, tó gbé ní ìlú New York ní Amẹ́ríkà. Ó gba irú àwọn èèyàn báyìí wọlé, ilé tó dá sílẹ̀ sì ń gbàlejò títí di òní. Dorothy Day lorúkọ rẹ̀.

TA NI OBÌNRIN YÌÍ?

Ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 1897 ni wọ́n bí Dorothy ní Brooklyn, ní New York. Akọ̀ròyìn ni bàbá rẹ̀, òun náà sì di akọ̀ròyìn nígbà tó dàgbà. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, ní 1906, òun àti àwọn òbí rẹ̀ ń gbé ní Oakland, tó kọjú sí San Francisco lódìkejì omi. Lọ́dún náà, ilẹ̀ mì tìtì ní San Francisco, ilé wó, iná sì jó ìlú. Àwọn tó sá àsálà fún ẹ̀mí wọn rọ́ wá sí Oakland. Dorothy kékeré rí ìyá rẹ̀ àtàwọn ará àdúgbò bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ, tí wọ́n ń kó aṣọ wọn fún ẹni tí wọn kò mọ̀ rí. Ohun tó rí nígbà yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́.

Ẹ má rò pé ẹni mímọ́ ni láti kékeré. Àwọn tó ń pariwo pé kí ìjọba yí padà ló ń bá rìn. Ní 1917, wọ́n tì í mọ́lé nítorí pé ó dara pọ̀ mọ́ àwọn obìnrin tó ń béèrè ẹ̀tọ́ láti dìbò. Ní 1926, ó bí ọmọbìnrin kan. Nígbà tó sì di 1927, ó ṣe ìrìbọmi, ó wọ ìjọ Àgùdà. Bàbá ọmọ rẹ̀ kò gba ti ẹ̀sìn rárá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pínyà. Dorothy wá di ìyá tó ń dá tọ́mọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa la mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ìgbà yẹn ni ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé. Ilé ìfowópamọ́ wó lulẹ̀, ilé iṣẹ́ tì pa. Nígbà tó fi máa di 1933, nínú òṣìṣẹ́ mẹ́rin, bí ẹnì kan ni kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ní oṣù Kejìlá 1932, Dorothy wọ ilé Ọlọ́run kan ní Washington, ó gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fi ọ̀nà han òun láti ṣiṣẹ́ fún àwọn tálákà. Ìgbà tó padà délé, ó bá àlejò kan tó ń dúró dè é. Peter Maurin ni, ará Faransé, ọmọ àgbẹ̀, tó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, tí kò ní ju aṣọ ọrùn rẹ̀ lọ. Peter ní èrò lórí. Dorothy mọ ìwé ìròyìn ṣe. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

ÌWÉ ÌRÒYÌN SẸ́ǸTÌ KAN

Dọ́là 57 ni wọ́n fi tẹ ìwé ìròyìn àkọ́kọ́, ẹ̀dà 2,500. The Catholic Worker ni wọ́n pè é, ìyẹn ni Òṣìṣẹ́ Kátólíìkì. Ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún 1933, wọ́n gbé e lọ sí gbàgede Union Square, wọ́n ń kiri rẹ̀ láàárín èrò bí ẹni ń kiri ẹ̀kọ. Sẹ́ǹtì kan péré ni ẹyọ kan. Ẹ wá gbọ́ o: láti 1933 títí di òní, wọn kò fi nǹkan kan lé owó yẹn. Sẹ́ǹtì kan náà ni. Ọlọ́jà wo nínú wa ló lè gbìyànjú irú rẹ̀? Wọn kò fi ṣòwò ni, ìdí nìyẹn. Ẹni tó rà á á kà á, á sì fi tinútinú fi ohun tágbára rẹ̀ bá ká ránṣẹ́.

BÍ ILÉ NÁÀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Nínú ìwé ìròyìn yẹn, Peter ń kọ ọ́ léraléra pé ó yẹ kí àwọn bíṣọ́ọ̀bù dá ilé ìgbàlejò sílẹ̀, níbi tí ẹni tí kò nílé lè forí pamọ́ sí. Ọ̀rọ̀ dídùn ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í kún agbọ̀n. Lọ́jọ́ kan, gẹ́gẹ́ bí Dorothy ṣe ròyìn rẹ̀, obìnrin kan wọlé wá bá wọn. Ó ní òun gbọ́ pé wọ́n ní ilé ìgbàlejò, níbo ló wà? Òun àti ọ̀rẹ́ òun ni wọ́n jọ ń sùn kiri ní ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Ọ̀rẹ́ náà wá dà? Ó ti bẹ́ sójú irin, ọkọ̀ ti pa á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ilé tí wọ́n ń kọ sínú ìwé kò tíì sí níbì kankan. Dorothy kò sọ fún obìnrin náà pé kó lọ ná, kó padà wá. Kò sì dúró de bíṣọ́ọ̀bù. Wọ́n wá ilé háyà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn obìnrin tí kò níbi tí wọ́n máa sùn. Nígbà tí wọ́n kó lọ sí òpópónà Mott ní 1936, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkùnrin ló ń tò síwájú ilé láràárọ̀ nítorí kọfí àti búrẹ́dì.

Ohun tó wù wá jù níbẹ̀ ni pé wọn kò pe ẹnikẹ́ni ní alágbe. Àlejò ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọn kì í béèrè ìjọ tí èèyàn ń lọ kí wọ́n tó bu oúnjẹ fún un. Àwa Yorùbá mọ ìyàtọ̀ àárín méjèèjì. Ìloro la ti ń fún alágbe ní tirẹ̀, a kì í wojú rẹ̀. Àlejò ńkọ́? Inú ilé la ń mú un wọ̀, a ó fún un lómi, a ó béèrè orúkọ rẹ̀. Ẹnì kan bi Dorothy pé ìgbà wo làwọn àlejò rẹ̀ ń kúrò. Ó ní wọ́n lè wà níbẹ̀ títí láé, bí wọ́n bá sì kú, àwọn ló ń sin wọ́n, torí wọ́n ti di ará ilé.

NÍBO LOWÓ TI Ń WÁ?

A mọ̀ pé ìbéèrè tó wà lẹ́nu yín nìyẹn, torí ọlọ́jà lẹ jẹ́. Wọn kì í gba owó ìjọba. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kì í gba owó oṣù. Wọ́n yọ̀ǹda ara wọn ni, oúnjẹ tí àlejò ń jẹ ni wọ́n ń jẹ. Ọrẹ àwọn èèyàn ló ń gbé ilé náà ró. Ìgbà mìíràn kò sí kọ́bọ̀ nílé.

Ní 1956, ilé ẹjọ́ bu owó ìtanràn 250 dọ́là lé Dorothy nítorí pé ilé náà kò bá òfin ìdènà iná mu. Lọ́jọ́ kan tó ń jáde lọ sí kóòtù, ọkùnrin kan tó wọ aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ yọ láàárín àwọn tálákà tó dúró síwájú ilé. Ó ki bébà kan bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní kó fi kún owó ìtanràn. Dorothy rò pé dọ́là méjì ààbọ̀ ni. Inú ọkọ̀ ló ti tú u wò: ṣẹ́ẹ̀kì 250 dọ́là ni! Ẹni tó rò pé tálákà ni yìí, W. H. Auden ni, gbajúmọ̀ akéwì. Ẹ ò rí i pé kò yẹ ká máa fi aṣọ wọn èèyàn?

Èyí tó tún yà wá lẹ́nu ni ti 1960. Ìjọba ìlú New York gba ilé wọn tó wà ní òpópónà Chrystie nítorí ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì san 68,700 dọ́là fún wọn. Nítorí pé owó náà pẹ́ kó tó jáde, ìjọba fi èlé 3,579 dọ́là àti sẹ́ǹtì 39 lé e. Dorothy dá èlé náà padà! Ó ní àwọn kò gbà pé ó dára kí owó máa bí owó. Ẹ̀yin tí owó sogúndogójì ti lé kúrò nínú ìsọ̀ rí, ẹ ó mọ ohun tó ń sọ.

Wọ́n tún máa ń sọ ìtàn òrùka dáyámọ́ǹdì kan. Ọlọ́rẹ kan fún Dorothy ní òrùka náà, ló bá gbé e fún ìyá arúgbó kan tó máa ń wá jẹun níbẹ̀. Àwọn kan bínú: ìbá tà á, kó fi san owó ilé ìyá náà fún ọdún kan! Dorothy ní ìyá náà lè tà á bó bá wù ú, ó sì lè fi sọ́wọ́ kó máa fi ṣe fáàrí. Ṣé olówó nìkan ni Ọlọ́run dá dáyámọ́ǹdì fún ni? Àwa náà jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò tíì parí.

KÌ Í ṢE OHUN TÓ RỌRÙN

Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Nínú àwọn àlejò yẹn, a rí ọ̀mùtí, a rí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, a rí ẹni tó ń jà, a rí ẹni tó ń jí nǹkan ilé. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó wá ràn wọ́n lọ́wọ́ ni kò lè fara dà á, wọ́n lọ. Dorothy fúnra rẹ̀ kò fi pa mọ́ pé ìfẹ́ tí èèyàn ń fi ọwọ́ ṣe le ju èyí tí à ń fi ẹnu sọ lọ. Ṣùgbọ́n kò ti ilẹ̀kùn. Peter kú ní 1949. Dorothy kú ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá 1980, láàárín àwọn àlejò rẹ̀, ní Maryhouse, ilé tí wọ́n ṣí fún àwọn obìnrin tí kò nílé.

Lónìí, irú ilé bẹ́ẹ̀ ti lé ní ọgọ́rùn-ún, ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ mìíràn. Ìjọ Àgùdà ti ń yẹ ìgbésí ayé Dorothy wò láti 2000 bóyá wọ́n á kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́. Ní 2023, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Dorothy Day bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín Manhattan àti Staten Island. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wọ̀ ọ́, olówó àti tálákà.

ÀWA ŃKỌ́?

A kò ní kí ẹgbẹ́ wa lọ kọ́ ilé. Owó ọjà kò tíì tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Dorothy kò dúró dìgbà tó bá tó. Obìnrin tó sùn sójú irin kò lè dúró mọ́, torí náà ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀kan tó kù wọlé wá.

Ìbéèrè kan ṣoṣo la fẹ́ gbé wá sí ìpàdé wa tó ń bọ̀: àwọn tó ń sùn sábẹ́ ìsọ̀ wa, kí lorúkọ wọn? Ẹni tó bá mọ orúkọ ẹyọ ẹnì kan, kó wá sọ ọ́. Ẹni tí kò bá mọ̀, kó béèrè lọ́wọ́ ẹni náà nírọ̀lẹ́ òní, kó tó da omi sílẹ̀. Láti ibẹ̀ la ó ti mọ ìkòkò tí a lè gbé kaná.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọjà á tà o.