Ìdámọ̀ Ológoṣẹ́ Olórí Dúdú àti Ìyàtọ̀ Rẹ̀ sí Ẹ̀ga

Ológoṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe onírúurú ẹyẹ kéékèèké tí ń jẹ hóró koríko. Èyí tí iṣẹ́ yìí dá lé ni Spermestes cucullata, tí William Swainson ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní 1837. Ológoṣẹ́ olórí dúdú ni a ó pè é níhìn-ín. Ó wọ́pọ̀ ní etí oko àti pápá káàkiri gúúsù Nàìjíríà, irú èyí tí ó yí Ìdógùn ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀ ká.

Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 9. Orí àti ọ̀fun rẹ̀ dúdú, ikùn rẹ̀ funfun, ìlà wẹ́wẹ́ sì wà ní ìhà rẹ̀. Àgógó rẹ̀ kúrú, ó sì nípọn: ti òkè dúdú, ti ìsàlẹ̀ jọ eérú. Ọmọ rẹ̀ kò ní orí dúdú. Àwọ̀ ewé gbígbẹ ni ó ní, èyí sì lè mú kí ènìyàn rò pé ẹyẹ mìíràn ni.

Orí akọ ẹ̀ga náà lè dúdú, ṣùgbọ́n ara tirẹ̀ pupa rúsúrúsú. Ẹ̀ga ni ó ń ya imọ̀ ọ̀pẹ, tí ó ń so ọ̀pọ̀ ìtẹ́ rọ̀ sórí igi kan. Ológoṣẹ́ olórí dúdú ń fi koríko ṣe ìtẹ́ roboto tí ẹnu rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Inú irú ìtẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tún ń sùn pọ̀ lálẹ́. Lóòótọ́, ó máa ń jẹ ìrẹsì oko, ṣùgbọ́n hóró koríko ni oúnjẹ rẹ̀ gan-an.

Àgbẹ̀ tí kò bá dá a mọ̀ lè fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ga jẹ ẹ́ níyà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá sì pe gbogbo wọn ní orúkọ kan ń pàdánù ìmọ̀ èdè àti ìmọ̀ ẹ̀dá lẹ́ẹ̀kan náà.